Ẹ̀bọ̀lọ̀

Dókítà Ẹ̀gbẹ̀ ní kí n jìnnà sí ṣúgà,
kí n dín iyán kù.
Mo gun ọ̀kadà padà sí Mọ̀pà
bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbíwùmí ò bá mi dárò.
Ó já ẹ̀bọ̀lọ̀ lẹ́yìn ilé,
ó bọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ irú;
iyán rẹ̀ ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

Wọ́n ní bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó, á rùn ìgbẹ́.
Ó kúkú rùn ún.
Àpáta, òjò àná, oko bàbá mi,
gbogbo rẹ̀ ni mo rọra jẹ.

Ogójì ọdún tí mo ti ń gbé mì,
n ò tọ́ ọ wò rí.