Igba Áńpù

Ní Lewiston, níbi tí odò ti ń pariwo lẹ́yìn iléeṣẹ́ aṣọ tó ti kú,
mo ra ilé Alphonsine Gagné lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀:
pátákó látòkè délẹ̀, gíláàsì aláwọ̀ lójú àtẹ̀gùn,
òórùn káfúrà nínú gbogbo dúrọ́ọ̀.
Mo ní mo rà á. Mi ò tíì rà á.
Ọwọ́ ti kan kọ́kọ́rọ́, bírò kò tíì kan ìwé.

Màmá mi jókòó sínú mọ́tò, ẹ̀rọ atẹ́gùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
rọ́bà tín-ín-rín nímú rẹ̀. Ó ń wo fèrèsé.
"Èyí tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni tèmi."

Réjean Ouellette sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé
tòun ti tọ́ọ̀ṣì kan àti orúnkún tó ń dún.
Ogún ìṣẹ́jú, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Ẹni tí dókítà ń gbọ́ àyà rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Ó wá pè mí, ó nàka sókè:
wáyà méjì ń rìn lábẹ́ àjà, wọn ò fara kanra,
lórí kókó tánganran tó funfun bí eyín ọmọdé.
Aṣọ dúdú ni wọ́n fi wé wọn. Aṣọ!
Ìlú tó ń hunṣọ fáyé kò gbàgbé wáyà tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀hún ti gbó. Réjean fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan péré,
ó ń ṣí bọ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Ọgọ́ta áńpù. Fíúsì mẹ́rin, ojú wọn bí ìgò kékeré.
Ó tú ẹ̀kẹta. Nǹkan kan já bọ́ sórí símẹ́ǹtì, ó dún ṣin.
Sẹ́ǹtì kan ni, bàbà, 1957 lára rẹ̀.

"Fíúsì á jó nígbà òtútù, ṣọ́ọ̀bù á ti tì,
ẹnìkan á fi sẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀. Iná á dé.
Kò wá sí ohun tó lè jó mọ́,
àfi ilé fúnra rẹ̀."

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Inú ògiri ni ìdílé yìí fi í sí ní tiwọn,
wọ́n tọ́ ọmọ márùn-ún tì í, wọ́n ka rósárì tì í.
Iná tá a fi ń kàwé, iná tá a fi ń dín ẹyin,
iná tó ń jẹlé: orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Iléeṣẹ́ adójútòfò kọ ìlà méjì sí mi.
Èkíní, rárá. Èkejì, kí ọjọ́ mi ó dára.

Normand Gagné bínú lórí fóònù.
"Ọgọ́ta ọdún ni ìyá mi lò níbẹ̀, nǹkan kan ò jó!"
Mo ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ìyá tèmi fi ń mí."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.
"Ìyá tèmi náà," ó wí, "lọ́dún tó kẹ́yìn.
A máa ń yọ fìríìjì kó tó lè mí."
Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa,
ó ti gé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là kúrò lórí owó ilé.

Oṣù kan gbáko. Mítà tuntun, òpó tuntun,
Réjean ń bú ògiri ní Faransé, Màmá ń bá a tún èdè rẹ̀ ṣe.
Igba áńpù. Mo kà á lára páànù,
mo tún un kà.

Nígbà tí mo fi sẹ́ǹtì náà han Màmá, kò yà á lẹ́nu.
"Bàbá rẹ náà ń ṣe é," ó ní,
ó sì ní kí n gbé omi tíì kaná.

Ihò mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri, owó pílásítà ti tán.
Òtútù ń gbabẹ̀ wọlé. A wọ súẹ́tà, a tan gbogbo iná,
kẹ́tù ń hó, fìríìjì ń kùn, rédíò ń sọ bí yìnyín yóò ṣe wọ́ tó,
ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń fà, ó ń tú, ó ń fà,
kò bẹ ẹnikẹ́ni.