Apá Keje

Ní Ìjọ̀kà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà,
èmi ni mò ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà,
èmi náà ni mò ń fa okùn jẹnẹrétọ̀.
Lálẹ́ àná a gbé Oníbòjú sí i, apá keje.
Bẹ́ǹṣì kún, àwọn kan jókòó sórí àpótí ọtí,
ọmọ ọlọ́mọ kan sùn lọ nígbà tí wọ́n pa ẹni kẹta.

Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó dìde.

Adétulà ló kọ́kọ́ bínú:
"Ní apá kẹfà, ṣebí wọ́n sun ún mọ́ inú àká kòkó?
Mo fojú ara mi rí eérú.
Ta ló wá kó eérú jọ, tó pò ó mọ́ omi,
tó tún fi mọ ọkùnrin tó ga tó báyìí?"
Ẹnìkan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn:
"Ẹ bi ẹni tó ń gbowó."
Wọ́n yíjú sí mi. Mo ń wo okùn jẹnẹrétọ̀.

Ìbídùn tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ fò dìde:
"Ọmọbìnrin yẹn tún ṣubú!
Láti apá kìíní ni wọ́n ti ń ṣubú,
lórí ilẹ̀ gbalasa tí kò ní kùkùté.
Èmi tí mo ń ru korobá omi gun Òkè Àró lójoojúmọ́,
ṣé koríko lásán ni yóò gbé mi ṣubú?
Ẹni tó kọ ìtàn yìí kò tíì rí obìnrin tó ń sáré."

Nọ́ọ̀sì Fẹhíntọlá, tó ti fẹ̀yìn tì, ní zóbò ni.
Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní.
Bó bá ṣe díẹ̀, a dúdú bí epo tó jóná,
a sì máa rùn bí owó ẹyọ lọ́wọ́ ọmọdé.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Akinfọlárìn onírin ní tòun yàtọ̀:
"Ìbòjú tí mo fi ń jó irin ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́!
Ọmọ ọmọ mi kì í gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi mọ́
àfi tí mo bá kọ́kọ́ ṣí ojú."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣùgbọ́n ẹ rí bó ṣe la ilẹ̀kùn yẹn?
Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni."

Tísà Ògúndáhùnsi mi orí, mi orí.
"Apá kìíní nìkan ni.
Nígbà yẹn a kò rí i rárá,
ìró bàtà rẹ̀ là ń gbọ́ lórí páànù. Kò.
Kò. Ẹ̀yin náà ẹ rántí.
Èyí tó kù, ọbẹ ti di ọbẹ̀,
ọbẹ̀ àná tí wọ́n ń bomi là, tí wọ́n ń gbé kaná."

"Mẹ́tàlá ló kú," ni Ṣẹ́yẹ wí, ó ti ka gbogbo wọn.
"Apá kẹfà, mẹ́sàn-án péré. Wọ́n gbìyànjú."

Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ tó ń wakọ̀ lọ sí Ìdànrè
kì í sọ̀rọ̀. Apá méjèèje ló wò.
Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu:
"Èmi, ìparí rẹ̀ ni mò ń wá wò,
nígbà tí orúkọ bá ń gòkè lọ lójú tẹlifíṣọ̀n,
gbogbo òkú yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn.
Wọ́n ti dìde nígbà yẹn. Wọ́n ti wẹ̀. Wọ́n ti jẹun.
Ọmọ tèmi kò ní apá kejì."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà Ìbídùn béèrè, jẹ́jẹ́,
ọjọ́ wo ni apá kẹjọ.
Mo ní ó di Ẹtì tó ń bọ̀.
Mo pa iná. Òkùnkùn dé.
Tísà ní, "Ta ló ń lọ sí ọ̀nà Ọ̀dà?"
Ẹni mẹ́sàn-án dáhùn,
ẹni méjì péré ló ń gbé ibẹ̀.