Ọjà Ìdó-Apá

Ẹ má bi mí lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó.
Bàbá Mẹ́dùpin ní ọjọ́ tirẹ̀, ará òkè ọjà ní tiwọn.
Ẹjọ́ náà ti dé kóòtù Kàbà lẹ́ẹ̀mejì,
adájọ́ kan sì sùn lé e lórí.

Ohun tí mo mọ̀ ni ti àpáta:
ojú ọlọ mẹ́tàdínlógún ló wà lórí òkè,
níbi tí àwọn ìyá wa ti ń lọ ọkà bàbà lóru
nígbà tí ẹlẹ́ṣin Tápà ń wá wọn kiri nísàlẹ̀.
Wọ́n ń lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kí òkúta má baà tú àṣírí.
Bóyá ibẹ̀ la ti kọ́ ọ.
Títí dòní a kì í pariwo bí a bá ń nájà:
obìnrin á gbé ẹ̀gúsí wò, á gbé e sílẹ̀,
á yíjú sí igi apá bí ẹni pé igi ló ń tà á,
ẹlẹ́gùúsí á sì yọ náírà mẹ́wàá.

Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹrù sí
lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀:
iṣu mẹ́rin, iyọ̀ ìlàjì igbá,
aṣọ pupa kan láti Búnú, tí ẹnikẹ́ni ò lówó rẹ̀.
Wọ́n ń tà, ojú wọn ò kúrò lórí òkè.

Kọfí dé. Ìwọ̀n irin bá a dé,
akọ̀wé Mẹ́tìbóba ló ń kà á.
Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà létí ọ̀nà yẹn,
bàbá mi ní àtàǹpàkò rẹ̀ ló kọ́ ọ.
Kọfí lọ. Ìwọ̀n ò lọ.
Ewúrẹ́ ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí,
a ò mọ bó ṣe wúwo tó.

Títì tuntun gba ẹ̀yìn òkè kọjá.
Ọkọ̀ ń sáré lọ sí Lọ́kọ́ja, kò yà mọ́.
A ní ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin, a ò ní omi ẹ̀rọ.
Síbẹ̀, lọ́rọọrún,
Yèyé Ọmọ́túgbà á tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, á to irú lé e.
"Ọ̀kun o," lo máa gbọ́.
Kò ní bi ọ́ níbi tó o ti ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ti Èkó dé, mo fi ohùn Èkó ná irú.
Ó wo igi apá.
Mo rẹ ohùn sílẹ̀.
Ó bu ènì sí i.