Bírò Pupa

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Jàléyẹmí,
mo tẹ́ ìwé báńkì sórí àpótí,
ojú ewé mọ́kànlá tí wọ́n fi pín-ìn-nì dè pọ̀.
Bírò pupa tí mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin
ló wà lọ́wọ́ mi.

Oṣù méje tí wọn ò fi sanwó fún wa,
ẹ rántí, ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ gba Òkè-Fíà kọjá
nítorí pé owó ọ̀kadà ti di owó gààrí?
Oṣù méje náà, mo rò pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àkáǹtì mi.
Kí ni wọn ì bá rí mú
nínú ilé tí eku pàápàá ti kó jáde?

Àṣé ẹnìkan ń wọlé.
Náírà mẹ́rin: owó iṣẹ́ tí fóònù jẹ́.
Náírà mẹ́rin. Náírà mẹ́rin.
Àádọ́ta: owó ìtọ́jú káàdì
tí mo fi pamọ́ sínú Bíbélì, tí n kò fi fa kọ́bọ̀.
Igba ó lé díẹ̀: nítorí pé owó ò sí níbẹ̀ láti yọ.
Ẹ tún ìyẹn kà.
Wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi nítorí pé n kò lówó.
Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
ẹlẹ́dẹ̀ tiwa yìí wọ táì.

Ojú ewé keje, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà.
Bírò mi dúró.
Ọjọ́ yẹn ni ara Ìtùnú gbóná bí ààrò,
tí mo dúró níwájú kẹ́mísì Láwíyì,
tí owó oògùn ku ọ̀ọ́dúnrún.
Mo mọ̀ pé ọ̀ọ́dúnrún wà ní báńkì,
mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.
Ẹ̀rọ ní rárá.
Láwíyì wo ọmọ, ó wò mí,
ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ, Tíṣà."
N kò lè gbójú sókè.
Òun nìyí nínú ìwé, ọ̀ọ́dúnrún géérégé,
agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kí n tó gbé ọmọ pọ̀n.
Mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ.
Èkíní, wọ́n ní kò dé ọ̀dọ̀ àwọn.
Èkejì, wọ́n ní kí n ní sùúrù.
Ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi gbé e dé Ọláìyá.
Ọmọkùnrin ojú fèrèsé wò mí, ó dìde:
"Ànńtí Ọlágòkè!"
Gbádégẹṣin, tó máa ń ka ìka ẹsẹ̀ mọ́ ìka ọwọ́.
Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyọkúrò.
N kò kọ́ ọ pé kí o máa yọ nínú òdo."
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.
Ó ní kọ̀ǹpútà ni, pé ọ̀gá ni.
Mo ní, "Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú..."
Ó dáhùn, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì kẹrin,
"...à fi tọmọ jẹ́ ẹ, mà."
Ó gba ìwé mi, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Mo ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí fóònù dún.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta padà, nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé;
ìyókù, wọ́n ní òfin ló gbà á.
N kò tíì gbé e sílẹ̀ tó tún dún:
náírà mẹ́rin,
owó iṣẹ́ tó jẹ́ fún mi pé owó mi ti dé.
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ọ̀ọ́dúnrún lọ bá Láwíyì.
Ó ní òun ò rántí gbèsè kankan.
Irọ́ ni. Mo rí ìwé gbèsè lára ògiri,
orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀,
ìlà bírò dúdú ti gba orí rẹ̀ kọjá,
ìlà àtijọ́, ó ti ń ṣá.
Mo fi owó sórí káńtà.
Ó tì í padà.
Mo tún tì í sí i.