Àpótí Ìmọ́lẹ̀ fún Ojú Haykanush

Haykanush ló kọ́kọ́ bínú sí fíláàṣì mi.
Ó gbé àwòrán náà sún mọ́ fèrèsé,
yìnyín ń bọ́ sórí òrùlé Gyumri,
ó wò ó títí, ó ní:
"Ta ló fi ọkọ́ kọ ebè sí mi lójú báyìí?"

N kò rí èsì fọ̀.
Fíláàṣì mi kò ju páálí ìṣáná lọ,
ìmọ́lẹ̀ ẹlẹ́nu kékeré,
tí kì í kí ènìyàn kó tó gbá a létí.
Ó sọ imú di òkè, ó sọ abẹ́ imú di kòtò,
ó lẹ òjìji mọ́ ògiri lẹ́yìn ìyá àgbà
bí ológò tí kò ní í lọ láìgbowó.

Bẹ́ẹ̀, àwòrán yìí kì í ṣe ti ìwé ìrìnnà.
Òkúta dúdú ni wọn yóò gbẹ́ ẹ sí,
lórí ilẹ̀ tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yeprem ọkọ rẹ̀.
"Ó máa pẹ́ kí n tó kúrò níbẹ̀," ó ní.
"Lọ tún mi yà."

Mo ka owó sórí ibùsùn:
ẹgbàá mẹ́sàn-án dírámù.
Gáàsì gba ẹgbàá méjì, nítorí òtútù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Ó ku ẹgbàá méje.

Ìsọ̀ Varazdat wà lábẹ́ àtẹ̀gùn.
Ó kọ́kọ́ fi ọ̀kan hàn mí tí wọ́n ń fi rọ́bà so mọ́ fíláàṣì,
kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan,
ṣùgbọ́n kí ni àwo ọbẹ̀ fẹ́ ṣe fún ojú àgbà?
Ọ̀kan wà tí inú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà,
aṣọ méjì lójú rẹ̀, òrùka irin nídìí rẹ̀;
mo yí bébà iye owó rẹ̀ wò,
mo rọra dá a padà sáàyè rẹ̀ bí ọmọ ọlọ́mọ.
Agboòrùn funfun ńkọ́? Ó fẹ̀, ó sì pọ́ọ́kú.
Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa rìn kiri inú ilé,
ògiri mi sì jẹ́ àwọ̀ ewé:
mo rí Haykanush lọ́kàn mi, ó tutù bí ẹ̀fọ́.

Varazdat ní: "Má wo orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára.
Iná kékeré tó jìnnà, ọ̀bẹ ni.
Iná ńlá tó sún mọ́ni, àtẹ́lẹwọ́ ni."

"Èyí tó fẹ̀ ni mo fẹ́," mo ní,
"owó mi ni kò fẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ abẹ́ tábìlì,
ó fa oníigun mẹ́jọ kan jáde, àlòkù, eruku bò ó.
Egungun rẹ̀ kan wọ́. Aṣọ inú rẹ̀ ti sọnù.
Ẹgbàá mẹ́jọ. Mo ná an títí tí tíì rẹ̀ fi tutù.
Ẹgbàá mẹ́fà.

Lóru ọjọ́ náà mo gé kọ́tìnì ilé ìdáná,
mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọ̀ òróró tó kúrò lára rẹ̀,
mo rán an sínú àpótí náà. Okùn abẹ́rẹ́ mi kò gún.

Haykanush padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo gbé àpótí náà sún mọ́ ọn,
tí ó bá na ọwọ́, á kàn án.
Fíláàṣì kọ. Ìmọ́lẹ̀ la kọ́tìnì kọjá,
ó kánlẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ìyẹ̀fun tí a kù.
Òjìji kò sá lọ; ó kàn jókòó jẹ́jẹ́.

Àpá kan ṣẹ́kù níwájú orí rẹ̀,
ti ọdún tí ilẹ̀ mì.
Mo ní, "Tí mo bá yí àpótí yìí díẹ̀ sí i, kò ní í hàn."
Ó ní, "Fi í sílẹ̀.
Yeprem ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀.
Kó má baà ri mí kó máa bèèrè pé ta nìyẹn."

Ó san owó, ó fi ìgò jáàmù kan lé e.
Egungun àpótí náà ṣì wọ́ títí dòní.