Ohùn Àárín

Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi
ní Ọ̀fà, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè.
Ó sùn sáàárín ọlọ́kadà àti Ìyá Abíọ́nà
bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Kíbọ́ọ̀dù ayé ọjọ́un, pákó ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
eyín rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amùkòkò.
Mo ní, "Kí ló ń ṣe é?"
Ìyá ní, "Re ló kú.
Gbogbo re."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tàn án.
Dò dún. Mí dún.
Mo tẹ re, kẹ́kẹ́ pa.
Re òkè, kẹ́kẹ́. Re ìsàlẹ̀, kẹ́kẹ́.

Ẹ wo irú àìsàn yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èdè wa.
Ẹ̀rọ tí kò ní re lè pe ìgbà, ó lè pe ìgbá,
ṣùgbọ́n kò lè ka igba,
kò lè dé igbá,
kò lè ta igbà mọ́ ọ̀pẹ.
Ó mọ ọ̀nà, kò mọ ilé.
Ó mọ àná, ó mọ òní,
kò mọ ọ̀la.

Mo tú u. Sikúrúù mẹ́tàlélógún nínú agolo mílíìkì.
Mo bá aáyán gbígbẹ méjì nínú rẹ̀, àti kọ́bọ̀ kan
láti ìgbà tí kọ́bọ̀ ṣì ń ra nǹkan.
Mo fi òwú àti sípíríìtì nu ìdí eyín kọ̀ọ̀kan,
odidi ọjọ́ mẹ́ta.
Re kò jí.

Lóru ọjọ́ kẹrin, NẸ́PÀ mú iná lọ,
mo jókòó sókùnkùn, orí mi wá ṣí:
bí gbogbo ọmọ ilé kan bá yadi lọ́jọ́ kan náà,
a kì í yẹ ọmọ lẹ́nu wò,
bàbá wọn là ń wá lọ.
Ẹyọ dúdú kékeré kan ló ń pín ohùn fún gbogbo re,
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlá, bí ọ̀kùn tí kò tíì dàgbà.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo dé Táíwò.
Ọmọkùnrin kan, Sàláwù, tú àpò àlòkù sílẹ̀,
ó búra pé irú rẹ̀ gan-an nìyí,
ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Mo yọ ti àtijọ́ nínú ihò, mo ti èyí bọ̀ ọ́.
Re kò jí.
Mo ṣépè fún Sàláwù. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Ìyá Abíọ́nà ń wá lójoojúmọ́,
a jókòó lórí àpótí, a máa jẹ ẹ̀pà.
"Inú rélùwéè ni wọ́n bí mi," ó sọ lọ́jọ́ kan,
"Ọ̀kukù ti lọ, Ọ̀fà kò tíì dé.
Gáàdì kọ mí sínú ìwé ẹrù."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án, inú bí mi,
mo fi ìdí báírò lu bọ́ọ̀dù náà, kó.
Re sín.
Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo tún lù ú, ó tún sín.
Mo yá awò ojú onílé mi, mo fi lé tèmi,
mo dojú bọ́ọ̀dù délẹ̀:
òjé tó di ihò kẹta mú ti là yípo,
ó là tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú.
Re kò kú rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò kanlẹ̀.
Sàláwù, forí jì mí.

Irin gbóná, òjé yọ́,
èéfín díẹ̀ gba iwájú mi kọjá.
Mo ní, "Ìyá, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́."
Ó nu ọwọ́ ẹ̀pà sára ìró.
Mo rò pé orin ìjọ ni yóò tẹ̀.
Re mí mí dò.
Ó dúró. Ó tún un tẹ̀, jẹ́jẹ́:
re mí mí dò,
bí gáàdì tó ń ka orúkọ nínú ìwé ẹrù.

Ó béèrè owó iṣẹ́ mi. Mo ní ẹgbẹ̀rún méje.
Ó san márùn-ún,
ó ní ìyókù di ọ̀la.