Sí Àpò Ìtọ̀ Mi, ní Shẹ́fíìdì

Mo tọ́ ọmọ mẹ́rin, wọ́n gbẹ̀kọ́;
ìwọ nìkan, àpò ìtọ̀, lo ò gba ìtọ́ni.
Mo sín lẹ́ẹ̀kan lórí òkè Kúrúùsì,
o ti dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó pè ọ́.

Ọdún méjì ni mo fi ń sá fún ẹ̀rín.
Aṣọ dúdú, ìjókòó etí ilẹ̀kùn,
omi tí n kò jẹ́ fẹnu kàn kí n tó wọ bọ́ọ̀sì,
ẹnu mi gbẹ bí ẹnu onígbèsè.

Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ibùsùn tutù.
Àkàngbé dìde, kò tanná,
ó bó aṣọ ibùsùn bí ẹní ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ó tẹ́ òmíràn.
Ó ní, "Òjò ìlú yìí mà ń jò wọlé o."
Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà, o jò sí i.
A tún tẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Nọ́ọ̀sì kò gbójú kúrò nígbà tí mo sọ ọ́.
Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa iṣan abẹ́ sókè,
kí n ka mẹ́wàá, kí n tú u sílẹ̀.
Bí ẹ bá rí màmá kan ní ibùdókọ̀
tó ń wo ọ̀run bí ẹní ń gbàdúrà,
ẹ má tíì ṣe àmín. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Páàdì mẹ́ta wà nínú báàgì mi,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú àti káàdì bọ́ọ̀sì.
Mo ń mu omi.
Lánàá, Ṣíjúwọlá pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi dùbúlẹ̀.
Ó jò díẹ̀.
Mo dìde, mo pààrọ̀, mo padà wá
bèèrè ibi tí ìtàn dé.